DSLR tàbí mirrorless: èwo ló bá iṣẹ́ yín mu?

Dígí kékeré kan ni gbogbo àríyànjiyàn yìí dá lé. Nínú kámẹ́rà DSLR, dígí náà dúró ní ìdàgẹ̀rẹ̀, ní ìwọ̀n 45°, níwájú sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tó ń sọ ìmọ́lẹ̀ di àwòrán. Ìmọ́lẹ̀ tó bá gba inú lẹ́ńsì wọlé á bá a pàdé, á ta sókè sínú gíláàsì onígun tó wà lórí kámẹ́rà, ibẹ̀ ni yóò sì ti yà sí ojú ẹni tó ń wò. Nítorí náà, ohun tí ẹ ń rí nínú ihò ìwòran DSLR kì í ṣe àwòrán rárá. Ìran náà gan-an ni, bí ẹni yọjú lójú fèrèsé. Ìgbà tí ẹ bá tẹ bọ́tìnì ni dígí máa fò sókè kúrò lọ́nà, tí ṣọ́tà, ìyẹn ìkélé kékeré tó bo sẹ́ńsọ̀, máa ṣí, tí sẹ́ńsọ̀ máa gba ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀, kí dígí tó já wálẹ̀ padà. Púpọ̀ nínú ariwo "kàṣà" tí à ń gbọ́, dígí ló ni ín.

Mirrorless kò ní dígí yìí. Ìmọ́lẹ̀ ń bọ́ sórí sẹ́ńsọ̀ ní tààrà ní gbogbo ìgbà tí kámẹ́rà bá wà ní títàn, sẹ́ńsọ̀ ló sì ń fi ohun tó rí ránṣẹ́ sí sikirínì ẹ̀yìn àti sí sikirínì kékeré tó wà nínú ihò ìwòran. Fídíò lẹ ń wò níbẹ̀, kì í ṣe fèrèsé. Panasonic Lumix G1 ló ṣáájú wọn ní 2008. Sony A7 gbé irú rẹ̀ tó ní sẹ́ńsọ̀ ńlá, ìyẹn full frame, jáde ní 2013. Canon àti Nikon tẹ̀ lé e pẹ̀lú full frame tiwọn ní 2018. Bátìrì ni o, ìwọ̀n ni o, fókọ́ọ̀sì ni o, eruku ni o, gbogbo ìyàtọ̀ tí ẹ máa kà nísàlẹ̀ yìí, yíyọ dígí yẹn ló bí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn.

Ohun tí kò yàtọ̀

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lé irọ́ kan lọ. Mirrorless kì í ya àwòrán tó dára ju ti DSLR lọ torí pé ó jẹ́ mirrorless. Sẹ́ńsọ̀ àti lẹ́ńsì ló ń ṣe àwòrán. Iṣẹ́ ojú ni dígí ń ṣe, ó sì ti kúrò lọ́nà kí ìmọ́lẹ̀ tó dé sẹ́ńsọ̀. Ẹ wo méjì tó sún mọ́ra gan-an, tí iléeṣẹ́ kan náà gbé jáde láàárín ọdún kan síra wọn:

| | Nikon D850 (DSLR) | Nikon Z7 (mirrorless) |
|---|---|---|
| Ọdún tó jáde | 2017 | 2018 |
| Sẹ́ńsọ̀ | full frame, 45.7 megapixel | full frame, 45.7 megapixel |
| Ìwọ̀n, pẹ̀lú bátìrì àti káàdì | gíráàmù 1,005 | gíráàmù 675 |
| Iye àwòrán lórí bátìrì kan, ní ìdíwọ̀n CIPA (ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe kámẹ́rà ní Japan) | 1,840 | 330 |
| Ojú fókọ́ọ̀sì | 153 | 493 |
| Ẹ̀rọ tó ń mú sẹ́ńsọ̀ dúró bí ọwọ́ bá ń gbọ̀n | kò sí | ó wà |
| Àyè káàdì | 2 | 1 |

Bí ẹ bá gbé àwọn méjèèjì lé tráípọ́ọ̀dù, tí ìmọ́lẹ̀ dọ́gba, tí lẹ́ńsì náà jẹ́ ọ̀kan, ẹ kò ní lè fi ojú mọ èyí tó ya èwo lórí bébà. Ọ̀nà tí ẹ máa gbà débi àwòrán náà ni wọ́n ti yapa.

Ìlà bátìrì yẹn máa ń dẹ́rù ba èèyàn. Ó yẹ kó bani lẹ́rù díẹ̀, àmọ́ ó tún ń ṣini lọ́nà. DSLR ń jẹ iná nígbà tó bá ń ya àwòrán. Mirrorless ń jẹ iná ní gbogbo ìṣẹ́jú tó bá fi wà ní títàn, yálà ẹ tẹ bọ́tìnì tàbí ẹ kò tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá ń ya eré ìdárayá, tó ń tẹ bọ́tìnì mọ́lẹ̀ tí àwòrán ń rọ́ jáde, lè gba ju 1,000 lọ lórí bátìrì tí wọ́n kọ 330 sí. Ẹni tó bá ń ṣọ́ ẹyẹ láti àárọ̀, tí ojú rẹ̀ kò kúrò nínú ihò ìwòran, lè má rí 200 yà kí iná tó tán. Tó bá jẹ́ mirrorless, wákàtí ni kí ẹ fi ka bátìrì, kì í ṣe iye àwòrán.

Ojú lọ̀rọ̀ wà

Ihò ìwòran DSLR kò lo iná. Ẹ lè pa kámẹ́rà kí ẹ sì máa wò títí ilẹ̀ á fi ṣú. Kò sí ìdádúró kankan: ìgbà tí ẹyẹ bá fò gan-an lẹ rí i tó fò. Bí oòrùn bá mú, tí ibi kan funfun tí ibì kan dúdú, ojú yín ló máa wọ̀n ọ́n fúnra rẹ̀, kò sí sikirínì tó máa dán jù tàbí tó máa ṣókùnkùn.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo DSLR ló ní ihò gidi. Àwọn tó gbówó lórí ní gíláàsì odindi tí wọ́n ń pè ní pentaprism. Àwọn tó rọjú ní pentamirror, ìyẹn àwọn dígí pẹlẹbẹ tí wọ́n tò pọ̀, ó fúyẹ́, ṣùgbọ́n ó ṣókùnkùn, ó sì kéré bí ihò kọ́kọ́rọ́. Púpọ̀ nínú irú èyí ń fi nǹkan bíi 95% àwòrán hàn, nítorí náà ohun tí ẹ kò rí á wá yọ sí etí fáìlì: ẹ̀ka igi, igun tábìlì, apá ẹni tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ẹ bá ń fi DSLR pentamirror wé mirrorless tó dára, ẹ má ṣe gbà pé fèrèsé ló máa borí. Sikirínì lè borí rẹ̀ dáadáa.

Iṣẹ́ tí sikirínì kékeré ń ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀. Àwòrán tó bá máa dúdú, dúdú lẹ máa rí i kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Àṣìṣe ìṣètò àná, irú bí ISO 3200 (ISO ni bí kámẹ́rà ṣe ń mú ìmọ́lẹ̀ lágbára tó) tí wọ́n lò nínú ilé lálẹ́ tí wọ́n wá gbé jáde sínú oòrùn, máa ń hàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ lè ní kí ó fi ìlà wẹ́wẹ́ tó ń rìn hàn lórí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù. Ẹ lè fẹ ibì kan lójú ìlọ́po mẹ́wàá láti fi ọwọ́ yí fókọ́ọ̀sì, èyí tí lẹ́ńsì àtijọ́ tí kò ní ẹ̀rọ nínú ń jàǹfààní rẹ̀ jù lọ.

Ó ní àbùkù tirẹ̀. Nínú òkùnkùn, sikirínì á máa já bí fídíò orí íntánẹ́ẹ̀tì tí kò lágbára, yanrìn á sì bo gbogbo rẹ̀. Bí ẹ bá ń ra èyí tó rọjú, ẹ wo nọ́ńbà méjì nínú ìwé rẹ̀: iye ẹ̀kán tó wà lára sikirínì náà (mílíọ̀nù 2.36 ni ti àwọn tó wọ́pọ̀, mílíọ̀nù 3.69 ti dára, 5.76 dára gan-an) àti iye ìgbà tó ń tún ara rẹ̀ yà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, 60 tàbí 120. Àwọn mirrorless kan kò tilẹ̀ ní ihò ìwòran rárá, sikirínì ẹ̀yìn nìkan ni. Lábẹ́ oòrùn ọ̀sán, ẹni tó ra irú ẹ̀ á máa fi ọwọ́ ṣíji bo kámẹ́rà kí ó tó mọ ohun tó ń yà.

Ohun kan máa ń da àwọn tó ń lo fíláàṣì stúdíò láàmú lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé mirrorless wọ ibẹ̀. Wọ́n á ṣètò rẹ̀ sí ìyára ṣọ́tà 1/160, f/8 (f ni bí ihò lẹ́ńsì ṣe ṣí tó; bí nọ́ńbà rẹ̀ bá kéré, ihò á fẹ̀), ISO 100, bó ṣe yẹ, ihò ìwòran á wá dúdú bí ẹ̀yìn ìkòkò. Kámẹ́rà kò bàjẹ́. Ìmọ́lẹ̀ yàrá ló ń fi hàn yín, kò mọ̀ pé fíláàṣì ń bọ̀. Nínú mẹ́nù, ẹ pa ohun tó ń jẹ́ Exposure simulation lórí Canon. Lórí Sony, ẹ gbé Live View Display sí Setting Effect OFF. Lórí Nikon, ẹ pa Apply settings to live view. Ihò ìwòran á mọ́lẹ̀ padà. Ẹ rántí tàn án bí ẹ bá jáde kúrò ní stúdíò.

Fókọ́ọ̀sì

Bí ohun kan bá wà tó yẹ kó mú èèyàn kúrò lórí DSLR, èyí ni.

Lẹ́yìn dígí ńlá inú DSLR, dígí kékeré mìíràn wà tó ń darí díẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ sísàlẹ̀, sí ẹ̀rọ fókọ́ọ̀sì tó wà ní ìdí kámẹ́rà. Ẹ̀rọ yìí yára, kì í wá fókọ́ọ̀sì síwá sẹ́yìn. Ó máa ń mọ ìhà tí lẹ́ńsì yẹ kó yí sí àti ibi tó yẹ kó dúró. Àmọ́ ibi tó ti ń wọn nǹkan kì í ṣe ibi tí àwòrán ti ń wọlé. Ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà dé ẹ̀rọ yẹn gbọ́dọ̀ gùn bákan náà gẹ́lẹ́ pẹ̀lú èyí tó ń gbà dé sẹ́ńsọ̀. Bí wọ́n bá fi bíńtín yàtọ̀, kámẹ́rà á ní òun ti rí i, á dún "bíìpù", ṣùgbọ́n etí ló máa mọ́ kedere, ojú á ṣe bàìbàì. Ní f/8 kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ní f/1.4 tàbí f/1.8, gbogbo àwòrán ojú èèyàn ló máa bàjẹ́, ẹni tó ni kámẹ́rà á sì máa rò pé ọwọ́ òun ló ń gbọ̀n.

Bí ẹ ṣe lè yẹ̀ ẹ́ wò nìyí. Ẹ gbé DSLR lé tráípọ́ọ̀dù. Ẹ gbé nǹkan pẹlẹbẹ tó ní àmì kedere kọjú sí i gbọọrọ, kí ẹ sì dáwọ́ rúlà kan tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ ní ìdàgẹ̀rẹ̀, kí àárín rúlà bá àmì náà dọ́gba. Ẹ ṣí lẹ́ńsì dé ibi tó fẹ̀ jù, ẹ lo ojú fókọ́ọ̀sì àárín nìkan, kí ẹ sì jìnnà sí i bí ẹ ṣe máa ń jìnnà sí ẹni tí ẹ ń yà. Ẹ ya mẹ́wàá, ẹ fi ọwọ́ tú fókọ́ọ̀sì ká kí ẹ tó ya ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn bá mọ́ kedere níwájú àmì, kámẹ́rà ń fà síwájú. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn, ó ń fà sẹ́yìn. Bí ó bá fọ́n káàkiri, ọ̀kan síwájú ọ̀kan sẹ́yìn, ìyẹn kì í ṣe ohun tí ìṣètò lè wò sàn.

Àwọn DSLR bíi Canon 5D Mark III, 7D Mark II, Nikon D7200 àti D750 ní ibi tí ẹ ti lè tún un ṣe nínú mẹ́nù, láti -20 dé +20, wọ́n á sì rántí lẹ́ńsì kọ̀ọ̀kan. Àwọn Nikon D3000 àti D5000, pẹ̀lú gbogbo àbúrò wọn, kò ní in. Bí lẹ́ńsì bá fà lórí irú ìwọ̀nyí, ẹ máa gbé lẹ́ńsì àti kámẹ́rà pọ̀ lọ fún oníṣẹ́ ni.

Mirrorless kò mọ àìsàn yìí. Orí sẹ́ńsọ̀ tó ń ya àwòrán náà ló ti ń wọn fókọ́ọ̀sì, kò sí ọ̀nà méjì tó lè yàtọ̀ síra. Àwọn ojú fókọ́ọ̀sì rẹ̀ sì lè tàn dé etí àwòrán: ti Canon EOS R bo 88% ní ìbú àti 100% ní òró, nígbà tí ti DSLR full frame kóra jọ sí àárín bí agbo àgùntàn. Nítorí ìyẹn ni àwọn tó ń lo DSLR fi ń mú fókọ́ọ̀sì ní àárín kí wọ́n tó yí kámẹ́rà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ní f/1.4, yíyí díẹ̀ yẹn nìkan tó láti gbé ojú jáde kúrò nínú fókọ́ọ̀sì. Mirrorless òde òní á rí ojú èèyàn fúnra rẹ̀, á sì dì í mú bó ti wù kí onítọ̀hún rìn.

Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ náà, "òde òní". Mirrorless tó ti pẹ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn àkọ́kọ́ ń wá fókọ́ọ̀sì nípa fífi ibi tó mọ́ àti ibi tó ṣú wéra. Wọ́n á kọjá rẹ̀, wọ́n á padà, wọ́n á tún kọjá. Sony A7R ti 2013 wà lára wọn. Bí ohun tó ń sáré bá ni iṣẹ́ yín, Nikon D500 ti 2016 tàbí Canon 7D Mark II ti 2014 á fi ọwọ́ lalẹ̀ fún ọ̀pọ̀ mirrorless tó bá wọn láyé nígbà náà. Ọjọ́ orí ṣe pàtàkì ju orúkọ lọ níbí.

Ariwo, ṣọ́tà, àti iná tó ń ṣẹ́jú

DSLR kì í dákẹ́. Àwọn kan ní ìṣètò jẹ́jẹ́ tí wọ́n fi lẹ́tà Q sàmì sí, ó kàn ń fa ariwo náà gùn ni. Dígí tó ń fò yẹn tún ń mi kámẹ́rà. Lórí tráípọ́ọ̀dù pẹ̀lú lẹ́ńsì gígùn, tí ìyára ṣọ́tà bá wà láàárín 1/60 sí ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìmìtìtì náà máa hàn. Ìwòsàn rẹ̀ ni kí ẹ tan mirror lock-up, tó ń gbé dígí sókè ṣáájú, tàbí live view, tó ń gbé ìran sórí sikirínì ẹ̀yìn, kí ẹ sì fi ìdádúró ìṣẹ́jú-àáyá méjì sí bọ́tìnì.

Mirrorless lè dákẹ́ pátápátá bí ẹ bá tan ṣọ́tà ẹ̀lẹ́kítíróníìkì. Ó dára níbi ìsìnkú, nílé ẹjọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ tó ń sùn. Ṣùgbọ́n ìlà kọ̀ọ̀kan ni sẹ́ńsọ̀ ń kà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí ìkàwé náà bá gba 1/20 ìṣẹ́jú-àáyá, ohun tó bá ń sáré á ti kúrò ní ibi tó wà kí ìlà ìkẹyìn tó dé: táyà mọ́tò á dàgẹ̀rẹ̀, igi tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù á tẹ̀ bí ìyèrè. Lábẹ́ iná LED, ìlà dúdú àti funfun á dábùú àwòrán. Níbi tí iná ìjọba bá jẹ́ 50 Hz, irú iná bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ṣẹ́jú ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá, nítorí náà ẹ padà sí ṣọ́tà gidi, kí ẹ sì lo 1/50 tàbí 1/100; níbi tó bá jẹ́ 60 Hz, 1/60 tàbí 1/125. Ọ̀pọ̀ mirrorless kì í jẹ́ kí fíláàṣì tàn rárá bí ṣọ́tà ẹ̀lẹ́kítíróníìkì bá wà ní títàn, ẹ má ṣe sáré sọ pé fíláàṣì ti kú.

Àwọn tó gbówó lórí ti yanjú èyí. Sony A9 ti 2017 ní sẹ́ńsọ̀ alápòópọ̀ tó ń kàwé kíákíá. Nikon Z9 ti 2021 yára débi pé wọn kò fi ṣọ́tà gidi sínú rẹ̀ mọ́. Sony A9 III ń ka gbogbo ìlà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìyẹn kì í ṣe ti ẹni tó ń ra kámẹ́rà àkọ́kọ́.

Ohun kékeré kan tí kò pọ̀ nínú ìwé: ọ̀pọ̀ mirrorless ń lo ìdajì-ìdajì, tí ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́ ẹ̀lẹ́kítíróníìkì tí òpin jẹ́ ṣọ́tà gidi. Ní f/1.4 pẹ̀lú 1/4000, àwọn ẹ̀kán iná tó ṣe bàìbàì lẹ́yìn ẹni tí ẹ ń yà lè dà bíi pé wọ́n gé orí wọn. Ẹ gbé e sí ṣọ́tà gidi pátápátá bí ìyára bá kọjá 1/2000.

Lẹ́ńsì ni ogún, kámẹ́rà ni aṣọ

Dígí nílò àyè láti fò. Ìdí nìyẹn tí ẹnu DSLR fi jìnnà sí sẹ́ńsọ̀: mìlímítà 44 lórí ẹnu Canon tí wọ́n ń pè ní EF, 46.5 lórí ti Nikon tó ń jẹ́ F. Nígbà tí dígí kúrò, ẹnu sún mọ́ sẹ́ńsọ̀: 20 lórí Canon RF, 18 lórí Sony E, 16 lórí Nikon Z. Nǹkan méjì ló tẹ̀yìn èyí yọ. Lẹ́ńsì DSLR lè wọ mirrorless, torí adáptà kan tó ṣófo nínú lè kún àlàfo tó ṣẹ́ kù. Lẹ́ńsì mirrorless kò lè wọ DSLR. Àyè ti tán. Ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ni, síwájú nìkan.

Adáptà Canon fún EF sí RF ń ṣiṣẹ́ bíi pé kò sí níbẹ̀. Lẹ́ńsì EF-S, tí wọ́n ṣe fún sẹ́ńsọ̀ kékeré, náà ń wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n lórí full frame, kámẹ́rà á gé àwòrán sí àárín, megapixel 30 ti EOS R á sì di nǹkan bíi 11.6. Ti Nikon ní ìkòtò kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti jìn sí. Adáptà FTZ, tó ń so lẹ́ńsì F mọ́ Z, kò ní mọ́tò tó ń yí fókọ́ọ̀sì. Lẹ́ńsì AF-S àti AF-P ní mọ́tò tiwọn nínú, wọ́n á ṣiṣẹ́ dáadáa. Lẹ́ńsì AF-D àtijọ́ ń retí kí kámẹ́rà máa yí i, lórí Z, ọwọ́ lẹ máa fi yí i. Bí àpótí yín bá kún fún AF-D, D750 tàbí D7200 ló yẹ yín. Ẹ ṣọ́ra fún D3000 àti D5000 níbí pẹ̀lú, àwọn náà kò ní mọ́tò yẹn.

Wọ́n máa ń polówó pé mirrorless fúyẹ́. Kámẹ́rà fúyẹ́ lóòótọ́. Lẹ́ńsì ńkọ́? Canon EF 70-200mm f/2.8 III wọn gíráàmù 1,480, ti RF 1,070; ìyẹn jẹ́ ìtura fún èjìká. Ṣùgbọ́n EF 24-70mm f/2.8 II jẹ́ 805, ti RF sì jẹ́ 900, ó tilẹ̀ wúwo jù. Ẹ wọn kámẹ́rà àti lẹ́ńsì tí ẹ máa lò gan-an pọ̀, kí ẹ tó gba ìpolówó gbọ́.

Iná, eruku, àti iná laser

Bátìrì méjì tó fún DSLR lọ́jọ́ iṣẹ́ gígùn. Ẹ mú mẹ́ta fún mirrorless. Ẹni tó ń kúrò nínú DSLR Canon tàbí Nikon lè má ní láti ra òmíràn: ìdílé LP-E6 ló wà nínú 5D Mark III àti nínú EOS R, ìdílé EN-EL15 ló sì wà nínú D750 àti nínú Z6. Àkọ́kọ́ EN-EL15 kò gba iná láti okùn USB, tuntun tó ní lẹ́tà b lẹ́yìn ń gbà á. Bí iná bá ń tètè tán, ẹ tan airplane mode, kí ẹ sì dín àkókò tí kámẹ́rà fi ń dúró kó tó sùn kù.

Eruku ńkọ́? Bí ẹ bá yọ lẹ́ńsì DSLR, dígí àti ṣọ́tà bo sẹ́ńsọ̀. Bí ẹ bá yọ ti ọ̀pọ̀ mirrorless, sẹ́ńsọ̀ ń wò yín lójú. Ẹ pa kámẹ́rà, ẹ kọjú ẹnu rẹ̀ sísàlẹ̀, kí lẹ́ńsì kejì sì ti wà lọ́wọ́ pẹ̀lú ìdérí tó ti tú. EOS R ń pa ṣọ́tà rẹ̀ dé bí ẹ bá pa kámẹ́rà, èyí tó wúlò, àmọ́ abẹ ṣọ́tà yẹn tín-ín-rín bí awẹ́ àlùbọ́sà. Ẹ má fi ohunkóhun kàn án. Bí ẹ bá ń fọ sẹ́ńsọ̀, fẹ́ atẹ́gùn rọ́bà tí a ń fi ọwọ́ tẹ̀ sí i ná. Afẹ́fẹ́ inú agolo kò dára, omi tútù lè tú jáde láti inú rẹ̀. Bí ó bá lẹ̀ mọ́ ọn, igi ìfọ̀ tó fẹ̀ tó mìlímítà 24 fún full frame, 16 fún APS-C (sẹ́ńsọ̀ tó kéré ju full frame lọ), ẹ̀kán omi ìfọ̀ méjì, ẹ fà á lọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ yí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ fà á padà lẹ́ẹ̀kan, ẹ jù ú nù.

Ibi ijó tí wọ́n ti ń tan iná laser léwu fún méjèèjì, ó léwu jù fún mirrorless, torí pé sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ ṣí ní gbogbo ìgbà. Tẹ́ẹ́rẹ́ iná kan tó wọ lẹ́ńsì tààrà lè sun ìlà kan sórí rẹ̀ títí láé. Bákan náà, ẹ má ṣe gbé ihò ìwòran mirrorless kọjú sí oòrùn lórí tábìlì. Gíláàsì ojú rẹ̀ á kó oòrùn jọ sórí sikirínì kékeré, á sì jó o.

Fídíò

Mirrorless, kò sí àríyànjiyàn. Lóòótọ́, DSLR ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, Nikon D90 àti Canon 5D Mark II ní 2008. Ṣùgbọ́n bí DSLR bá ń ya fídíò, dígí rẹ̀ ti gbéra sókè, ihò ìwòran ti ṣókùnkùn. Ó ti di mirrorless tó gbé dígí tí kò wúlò lórí. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ fi DSLR ya fídíò, ẹ wá Canon 70D tàbí èyí tó tẹ̀ lé e, àwọn tó ní Dual Pixel, ìyẹn fókọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ lórí sẹ́ńsọ̀ fúnra rẹ̀. Fókọ́ọ̀sì Nikon tó ṣáájú D780 máa ń wá kiri nínú fídíò. Lórí mirrorless, ẹ bi ẹni tó ń tà á léèrè bóyá ó ń gé àwòrán ní 4K (EOS R ń gé e bí ìlọ́po 1.7), àti ìṣẹ́jú mélòó ló lè yà kí ó tó gbóná pa ara rẹ̀.

Èwo wá ni?

Bí ẹ kò bá ní lẹ́ńsì kankan, tí owó yín sì tó mirrorless tó ní ihò ìwòran àti lẹ́ńsì kan tó dára, ẹ rà á. Canon àti Nikon kò gbé DSLR tuntun jáde láti 2020. Pentax nìkan ló tẹ̀ síwájú, K-3 Mark III rẹ̀ jáde ní 2021. Lẹ́ńsì tuntun ń lọ sí ọ̀dọ̀ mirrorless.

Bí owó bá há, DSLR àlòkù pẹ̀lú lẹ́ńsì 50mm f/1.8 dára ju mirrorless tuntun tó bá lẹ́ńsì inú páálí rẹ̀ nìkan rìn lọ. Níbi tí ẹlòmíràn ti ń lo ISO 6400 ní f/5.6, ẹ̀yin á wà ní ISO 640 ní f/1.8. Kò sí sẹ́ńsọ̀ tuntun tó lè bo irú àlàfo bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ti ní lẹ́ńsì DSLR mẹ́ta sí mẹ́rin tó dára, ẹ má tà wọ́n. Ẹ ra ara mirrorless iléeṣẹ́ kan náà àti adáptà rẹ̀, kí ẹ máa pààrọ̀ wọn díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó ń ya ilẹ̀ àti òkè lórí tráípọ́ọ̀dù, tí kì í yára, kò ní ìdí kankan láti sá kúrò lórí DSLR rẹ̀.

Kí ẹ tó sanwó àlòkù

Ẹ béèrè iye ìgbà tí ṣọ́tà ti ṣí. Nọ́ńbà tí iléeṣẹ́ ń ṣèdíwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 100,000 fún ọ̀pọ̀ DSLR tó rọjú, 150,000 fún D750, 200,000 fún D850. Ó lè kú ṣáájú, ó lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Fáìlì àwòrán Nikon ń gbé nọ́ńbà yẹn sínú, ti ọ̀pọ̀ Canon ń fẹ́ sọ́fítíwíà pàtàkì. Lórí mirrorless, nọ́ńbà náà lè tàn yín jẹ: ẹni tó fi ṣọ́tà ẹ̀lẹ́kítíróníìkì ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́ta, ṣọ́tà gidi rẹ̀ á dà bíi tuntun, sikirínì àti bọ́tìnì ti gbó.

Lórí DSLR, ẹ yọ lẹ́ńsì, kí ẹ wo rọ́bà fóòmù tí dígí ń gbá mọ́. Bí ó bá ti ń yọ́, ó ti ń bọ́ sínú kámẹ́rà. Bí àyè káàdì bá jẹ́ ti CF (irú káàdì àtijọ́ kan), ẹ fi iná wo inú rẹ̀ bóyá abẹ́rẹ́ kankan ti tẹ̀. Nikon D600 ti 2012 ní àìsàn òróró tó ń ta sórí sẹ́ńsọ̀; èyí tó ti pààrọ̀ ṣọ́tà rẹ̀ ló sàn. Lórí mirrorless, ẹ tan kámẹ́rà, ẹ wo sẹ́ńsọ̀ lábẹ́ iná fún ìfárá, ẹ wo ihò ìwòran lórí ògiri funfun fún àmì ìjóná, ẹ sì mi lẹ́ńsì lẹ́nu kámẹ́rà bóyá ó ń yẹ̀.

Fún àwọn méjèèjì: f/16, fókọ́ọ̀sì sí ibi jíjìnnà jù, ẹ ya ògiri funfun tàbí ojú ọ̀run, kí ẹ sì máa mi kámẹ́rà díẹ̀ bí ẹ ṣe ń yà á kí àbàwọ́n ògiri lè parẹ́. Ẹ̀kán tó rọ̀ létí jẹ́ eruku, ó ń fọ̀. Ìlà tó mú létí, tí kò kúrò níbẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti fọ̀ ọ́, ìfárá ni. Ẹ dá kámẹ́rà náà padà fún ẹni tó ni ín.